Ta Ni Ó Pa Àwọn Ọmọbìnrin Náà?



Púpọ̀ nínú yín ló máa ń wo sinimá Nàìjíríà. Àwọn kan ti ra àwo rẹ̀ lọ́jà. Àwọn kan ń wò ó lórí tẹlifísọ̀n, àwọn mìíràn lórí fóònù. Bí sinimá bá parí, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni pé, "Ǹjẹ́ ó dùn?" Ìbéèrè yẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí a máa bi pẹ̀lú rẹ̀. Ta ni wọ́n fi hàn wá nínú sinimá náà? Ta ni wọn kò fi hàn? Ta ni wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀? Ta ni wọ́n di ẹ̀bi rù?

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò fi sinimá kan kọ́ bí a ṣe ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni October 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá". Ní ọjọ́ náà, ní ọdún 1960, ni Nàìjíríà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù méjì gééré ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 1960, ni ilẹ̀ tiwa gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Dahomey ni orúkọ ilẹ̀ wa nígbà náà. Ọdún 1975 ni a yí i padà sí Bẹ̀nẹ̀.

ÀWỌN TÓ ṢE SINIMÁ NÁÀ

Kunle Afolayan ni ó darí sinimá náà. Ọmọ Adeyemi Afolayan ni, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Lọ́ọ̀fù, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ tíátà Yorùbá wọ inú sinimá. Tunde Babalola ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde. Ìlú Ìlárá-Mọ̀kín ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ya á. Ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bùn.

Ẹ má ṣe wá ẹjọ́ inú rẹ̀ nínú ìwé ìtàn. Ìtàn àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n gbé e kà, ìgbà gidi ni. Ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù gidi ni pẹ̀lú.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÌTÀN NÁÀ

A óò sọ ẹni tó pa ènìyàn nínú sinimá yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ wò ó fúnra rẹ̀, kí ó dá ìwé dúró níbí, kí ó sì padà wá bí ó bá wò ó tán.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ni. Ìlú kékeré kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n pè ní Akote. Ẹnì kan ń pa àwọn ọmọbìnrin ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá rán ọ̀gá ọlọ́pàá kan lọ síbẹ̀ láti ṣe ìwádìí. Danladi Waziri ni orúkọ rẹ̀. Ará òkè Ọya ni, láti ilẹ̀ Hausa. Àlejò ni ní Akote. Wọ́n fẹ́ kí ó rí apànìyàn náà mú kí wọ́n tó gbé àsíá òmìnira sókè. Ọjọ́ kò sì pọ̀ mọ́. Sájẹ́ǹtì kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ń jẹ́ Afonja, ni ó ń bá a ṣiṣẹ́.

Láìpẹ́, wọ́n tún rí òkú ọmọbìnrin mìíràn. Ọmọ Igbo ni ó. Okafor ni orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n wá fura sí ọkùnrin Hausa kan tó ń rìn kọjá lọ ní agbègbè náà. Wọ́n mú un. Kò tíì dé iwájú adájọ́ rárá tí Okafor fi fi àdá pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ní wọ́n ti rí apànìyàn, ó sì ti kú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí. Ọkùnrin Hausa yẹn kò mọwọ́ mọsẹ̀. Ìpànìyàn tún ń bá a lọ.

Ta ni apànìyàn náà? Aderopo ni, ọmọ ọba ìlú Akote fúnra rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé gboyè dé ni, gbogbo ìlú sì ti jáde láti pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti ijó. Òun ni ẹni tí wọ́n fi ń yangàn.

Kí ló dé tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, òun àti ọmọ ìlú rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Agbekoya jọ lọ kàwé ní Èkó. Àlùfáà òyìnbó kan ni ó ń tọ́jú wọn. Àlùfáà náà ń fi ipá bá wọn ṣe ìṣekúṣe. Agbekoya sá padà sílé. Ó di àgbẹ̀, kò sì gbà kí ọmọ rẹ̀ kankan lọ sí ilé ìwé. Aderopo dúró títí ó fi kàwé tán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbínú náà pọ́n nínú rẹ̀ bí èso, ó sì wá já lé àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́ lórí.

Nígbà tí Waziri rí òdodo, àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí ó pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà má baà ba ọjọ́ òmìnira jẹ́, kí ó má sì dá ìjà ẹ̀yà sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òdodo níbí. Wọ́n wá a kiri, wọ́n rí i, wọ́n sì tún bò ó mọ́lẹ̀.

NǸKAN MÉJÌ TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀ YÀTỌ̀ SÍ ARA WỌN

Ohun kan ni pé kí oríṣìíríṣìí ènìyàn wà nínú sinimá. Ohun mìíràn ni bí wọ́n ṣe fi ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìpàdé àdúgbò ṣe àpẹẹrẹ. Ní Cadjèhoun níbí, Fọ̀n, Gùn, Yorùbá, Mina, Bàrìbá àti Dendi jọ ń gbé. A lè pe gbogbo wọn sí ìpàdé, kí gbogbo wọn sì wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tí àwọn yòókù kàn ń pàtẹ́wọ́, a ó ní wọ́n wá, ṣùgbọ́n a kò ní lè sọ pé a gbọ́ tẹnu wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sinimá rí. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá, ará ẹ̀yà mìíràn kì í ju ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ, tàbí ẹni tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rín nítorí bí ó ṣe ń sọ èdè. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí ènìyàn tó ní ọgbọ́n, tó ní ìyá, tó ní ìrora.

BÍ WỌ́N ṢE FI ẸNÌ KỌ̀Ọ̀KAN HÀN

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ October 1 wò.

Ọmọ Yorùbá ni ó darí sinimá náà. Ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ará òkè Ọya ni wọ́n fi ṣe olórí ìtàn. Waziri ni ojú tí a fi ń wo gbogbo nǹkan. Òun ni ó ń bi ìbéèrè, òun ni ó ń kó ẹ̀rí jọ. Sadiq Daba ni ó ṣe é, òṣèré tí àwọn àgbà ti mọ̀ lórí tẹlifísọ̀n Nàìjíríà láti ọdún pípẹ́. Ó kú ní ọdún 2021.

Wọ́n jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ èdè rẹ̀. A gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a gbọ́ Yorùbá, a gbọ́ Hausa, a gbọ́ Igbo. Wọ́n kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Èdè kò di ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Hausa yóò ka ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ṣe bákan náà. Gbogbo wa di àlejò síra wa, ìwé kíkà ni ó sì ń bá wa túmọ̀.

Okafor ńkọ́? Kanayo O. Kanayo ni ó ṣe é. Wọn kò fi í hàn bí ìkà lásán. A rí i bí bàbá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Ọkàn wa bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a rí i tí ó pa ẹni tí kò ṣẹ̀. Sinimá náà kò gbà wá láyè láti sọ pé, "Bí àwọn Igbo ṣe rí nìyẹn." Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí kò sí ẹni tó fún un ní ìdájọ́ òdodo, lè ṣe ohun tí kò ní lè tún ṣe láéláé.

Apànìyàn gan-an wá ńkọ́? Ọmọ ilé ni. Wọ́n ń wo ojú àlejò, wọ́n ń wo ẹni tó ń rìn kọjá, wọn kò wo ààfin. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Yorùbá tó ṣe sinimá yìí kò di ẹ̀bi ru ẹ̀yà mìíràn kí ó lè dá ti ara rẹ̀ láre. Èyí ni ohun tó níyì jù nínú iṣẹ́ náà.

ÀWỌN OBÌNRIN

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni a mọ̀ nípa wọn. A rí òkú wọn ju bí a ṣe gbọ́ ohùn wọn lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe? Ta ni ọ̀rẹ́ wọn? Sinimá náà kò dúró lórí ìyẹn. A mọ ìrora ẹni tó pa wọ́n ju bí a ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Ó dára kí a mọ ohun tó ba ayé Aderopo jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní àná kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ ẹlòmíràn ní òní.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ tẹnu rẹ̀. Tawa ni, olùkọ́ ilé ìwé. Kehinde Bankole ni ó ṣe é. Obìnrin mìíràn tí wọ́n fi hàn jẹ́ ẹni gidi nínú ìtàn: Funmilayo Ransome-Kuti. Deola Sagoe, tí iṣẹ́ aṣọ rírán sọ di olókìkí, ni ó ṣe é. Ó yẹ kí ẹ̀yin obìnrin inú kíláàsì yìí mọ ìtàn Funmilayo. Ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Ó kó àwọn obìnrin jọ, ọlọ́jà àti ẹni tó kàwé, láti kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ó kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949, kí ó tó padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1977, àwọn sọ́jà ya wọ ilé ọmọ rẹ̀, Fela, ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá náà láti ojú fèrèsé. Ó kú ní ọdún 1978.

OHUN TÍ ÀWỌN INÚ ÌTÀN KÒ MỌ̀

Àwọn tó ṣe sinimá náà ní 2014 mọ ohun tí àwọn ará Akote ti 1960 kò mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ní ọdún 1966 àwọn sọ́jà yóò gba ìjọba, tí wọn yóò sì pa Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba. Wọ́n mọ̀ pé ní ọdún kan náà ni wọn yóò pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Igbo ní òkè Ọya. Wọ́n mọ̀ pé ogun abẹ́lé yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967, kò sì ní parí títí di oṣù kìíní 1970. Nítorí náà, bí Okafor ti gbé àdá sókè, ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó mọ ìtàn kò mọ sórí ọkùnrin kan. Ó ń wo ìjà ọjọ́ iwájú láti inú kóró rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ Agbekoya náà. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dìde nítorí owó orí. Àgbẹ́kọ̀yà ni orúkọ tí a mọ ìgbìmọ̀ wọn sí.

NÍ Ọ̀DỌ̀ TIWA ŃKỌ́?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan ni èyí. Ìran wa ti wà ní ipò ọkùnrin Hausa tó ń kọjá lọ yẹn.

Ní ayé Faransé, àwọn ọmọ Dahomey tètè kàwé. Nítorí náà Faransé kó wọn lọ ṣe akọ̀wé àti olùkọ́ ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wá rò pé àlejò ti gba iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, wọ́n dojú kọ àwọn ọmọ Dahomey àti Tógò ní Abidjan, wọ́n sì lé wọn. Ní òpin ọdún 1963, ìjọba Niger náà ní kí àwọn ọmọ Dahomey máa lọ. Ní òpin ọdún 1969, ìjọba Gánà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà Yorùbá sì wà nínú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé àlejò. Ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Èrò kún ojú ọ̀nà láti Èkó dé Kútọnu, nítorí pé Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀.

Ẹ rí i pé kò sí ẹ̀yà tí kì í ṣe àlejò níbì kan. Ẹni tó ń lé ènìyàn lónìí, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n lé lánàá.

Láàárín ara wa náà, a ti bẹ̀rù ara wa rí. Ní ọdún 1970, ìbò ààrẹ dá ìyapa sílẹ̀ láàárín àríwá àti gúúsù. Wọ́n wá ní kí olórí mẹ́ta jọ máa ṣe ìjọba, kí oyè sì máa yí lọ láàárín wọn ní ọdún méjì-méjì: Hubert Maga láti àríwá, Justin Ahomadégbé láti Àgbómẹ̀, Sourou-Migan Apithy láti Àjàṣẹ́. Maga ṣe tirẹ̀, ó gbé e fún Ahomadégbé. Kò tíì kan Apithy tí Mathieu Kérékou àti àwọn sọ́jà fi gba ìjọba ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1972.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ǹjẹ́ ewu kì í ti òde wá bí?" Ó máa ń ti òde wá nígbà mìíràn. Ní Cadjèhoun yìí gan-an, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 1977, àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó gbà balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú wa láti wá gba ìjọba. Bob Denard, ọmọ Faransé, ni ó ṣáájú wọn. Wọ́n jà fún wákàtí díẹ̀, wọ́n sì sá padà. Bí wọ́n ṣe ń sá, wọ́n gbàgbé àwọn ìwé wọn sẹ́yìn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn ènìyàn wá ṣe ìwádìí. Àwọn ìwé tí wọ́n gbàgbé yẹn wà lára ohun tó tú àṣírí wọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wé ara wọn. Ní Akote, wọ́n mú àlejò, wọ́n pa á láì wádìí, kò sì jẹ̀bi. Ní Cadjèhoun, àlejò ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà, ìwádìí àti ìwé tí a kà ni ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà ènìyàn ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni kí a fi ṣe ẹ̀rí.

NÍPA ILÉ ÌWÉ

A kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ Agbekoya. Ó kọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá ní òun kò fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan mọ́, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ àlùfáà tàbí ẹbí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ nà án. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá ti gbọ́ ti Aderopo àti Agbekoya nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kì bá tí sí òkú kankan ní Akote. Ilé ìwé kọ́ ni ọ̀tá. Ọ̀tá ni ẹni tó ń fi ilé ìwé bo ìwà ibi mọ́lẹ̀, àti àwa tí a mọ̀ tí a dákẹ́.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀ Ọ́N KÀ

Afurasí: ẹni tí a fura sí, tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi.
Ẹ̀rí: ohun tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ jẹ́ òtítọ́.
Ìwádìí: kí a wá ìdí ọ̀rọ̀ láì yára dájọ́.
Ẹ̀yà: àwọn ènìyàn tí wọ́n ní èdè àti ìran kan náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi yára fura sí ọkùnrin Hausa náà?
2. Bí ẹ bá jẹ́ Waziri, ṣé ẹ ó pa ẹnu mọ́ nítorí àlàáfíà ìlú? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
3. Ẹ dárúkọ sinimá kan tí ẹ ti wò. Ẹ̀yà wo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rín níbẹ̀? Ṣé ó tọ́?
4. Ta ni nínú ìdílé yín tó ti jẹ́ àlejò rí ní ilẹ̀ mìíràn? Ẹ bi í ní ìtàn rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìlà márùn-ún nípa rẹ̀ wá sí kíláàsì.